Àwọn Kékeré Tí Ń Dá Ẹ̀jẹ̀ Dúró

Bíbélì kíkà: 1 Kọ́ríńtì 12:12-27, 1 Pétérù 4:15

Aduwawa ni mò ń gbé, ní ẹnubodè Benin, níbi tí ọ̀nà Auchi ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà yìí náà ni wọ́n ń gbà gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Irrua, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ibà Lassa. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo kọ́, ohun kan sì wà nípa ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ibà yìí mú tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ nípa ara Kristi. Òun ni mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀ wò.

1. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ń pe àwọn yòókù

Yàtọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì pupa àti funfun, àwọn ègé tín-ín-tìn-tín kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní platelet. Giulio Bizzozero, onímọ̀ ìṣègùn ará Ítálì, ló ṣàlàyé iṣẹ́ wọn ní 1882. Inú mùdùnmúdùn eegun ni wọ́n ti ń wá, wọn kì í sì í lò ju nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10 lọ. Nínú microlitre ẹ̀jẹ̀ kan, tó kéré gan-an sí ẹ̀kán omi, wọ́n máa ń tó 150,000 sí 400,000.

Bí ọ̀bẹ bá gé wa lọ́wọ́, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń dé ibẹ̀. Èyí tó ṣáájú á lẹ̀ mọ́ ojú ibi tó ya, á yí ìrísí rẹ̀ padà, á sì tú kẹ́míkà jáde láti fi pe àwọn tó kù. Wọ́n á ṣù jọ, wọ́n á dí ojú ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dá. Pọ́ọ̀lù sọ ní ẹsẹ 22 pé àwọn ẹ̀yà tó dà bí aláìlera gan-an ni ara kò lè ṣe aláìní. Ìwọ tí kò gba gbohùngbohùn rí nínú ìdàpọ̀, o lè jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ rí ọgbẹ́ arákùnrin rẹ.

2. Pípọ̀ nìkan kò tó

Ọdún 1969 ni ayé mọ ibà yìí, nígbà tí ó pa Laura Wine, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Lassa, lápá àríwá ilẹ̀ wa. Bí ó bá le, ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde láti èrìgì àti imú. Ènìyàn á rò pé platelet ti tán nínú ara ni.

David Cummins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn Lassa ní Sierra Leone, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1989. Wọ́n rí i pé platelet wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá pè é, kì í jẹ́: ó kọ etí ikún. Wọ́n wá da omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn pọ̀ mọ́ platelet ẹni tí ara rẹ̀ le. Tẹni tí ara rẹ̀ le náà kò ṣù jọ bó ṣe yẹ mọ́! Ohun kan wà nínú omi tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ tó pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè. A lè kún gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Sunday, kí arákùnrin kan sì dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin ní họ́sítẹ́ẹ̀lì láìsí ẹni tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Kí ló wà nínú omi tí àwa ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀? Fún ẹlòmíràn, “kò kàn mí” ni. Fún ẹlòmíràn, ó gbà pé iṣẹ́ àwọn olórí ìdàpọ̀ ni. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá ní kí á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, a ó sọ pé ìgbàgbọ́ wọn kéré. Lúùkù tó bá Pọ́ọ̀lù rìn, oníṣègùn ni (Kólósè 4:14).

3. Kí a má ṣù jọ níbi tí kò sí ọgbẹ́

Bí platelet bá ṣù jọ níbi tí kò yẹ, ó lè dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọkàn tàbí ọpọlọ. Ó lè fa rọpárọsẹ̀. Ìdí nìyí tí Pétérù fi ka atojúbọ ọ̀ràn ẹlòmíràn mọ́ àwọn aṣebi. Ká lọ bẹ aláìsàn wò yàtọ̀ sí ká lọ wá ọ̀rọ̀ tí a ó máa sọ kiri.

4. Ohun tí a ó ṣe

Ní 2018, Dókítà Peter Okokhere àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn aláìsàn Lassa tó lé ní 280 tí wọ́n tọ́jú ní Irrua láàárín 2011 sí 2015. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló kú. Títètè dé ilé ìwòsàn ṣe pàtàkì. Nítorí náà:

- Bí ibà kò bá gbọ́ oògùn lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ gbàdúrà bí ẹ ṣe ń lọ.
- Ẹ má lo aspirin sí ibà tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀. Ó ń dá iṣẹ́ platelet dúró.
- Ẹ bo gààrí yín dáadáa kí eku má baà tọ̀ sí i.
- Ẹ má fi ọwọ́ lásán kan ẹ̀jẹ̀ tàbí èébì aláìsàn.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ta ni a kò rí nínú ìpàdé ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn? Ta ni yóò lọ wò ó lónìí?
2. Kí ló ń pa wá lẹ́nu mọ́ bí ẹnì kan bá wà nínú ìnira?
3. Báwo ni a ṣe lè ran ara wa lọ́wọ́ láìtú àṣírí ara wa?

Àdúrà: Olúwa, mú ohun tó ń dí etí wa kúrò, kí á lè jẹ́ ìpè nígbà tí ẹ̀yà ara Rẹ bá farapa. Àmín.