Pínnì Kékeré Kan

Ibi kíkà: Diutarónómì 22:8, Lúùkù 16:10, Ẹ́kísódù 18:13-23

Ìjàǹbá kan tí olùkọ́ wa kọ́ wa nípa rẹ̀ ní kíláàsì ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ẹ̀kọ́ yìí ti jáde. Kò jẹ́ kí n sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2011, hẹlikọ́pítà kékeré kan, irú AS350 B2, gbéra nírọ̀lẹ́ ní Las Vegas, ní Amẹ́ríkà. Awakọ̀ kan àti èrò mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ wo ìsédò ńlá Hoover láti òkè. Lójijì ọkọ̀ náà gùn sókè, ó yà kúrò lọ́nà, ó sì já lulẹ̀ láàárín àwọn òkè. Àwọn márààrún ló kú.

Ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ọkọ̀ náà ṣe. Ọ̀pá kan wà nínú rẹ̀ tó ń gbé ìdarí awakọ̀ lọ sọ́dọ̀ abẹ́bẹ̀ ńlá orí ọkọ̀. Bóòtù kan ló so ọ̀pá yìí mọ́ ibi tó yẹ kó wà. Nọ́ọ̀tì di bóòtù náà mú, pínnì kékeré kan sì gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, kí nọ́ọ̀tì má baà yọ bó tilẹ̀ dẹ̀. Àjọ NTSB tó ṣèwádìí rí i pé nọ́ọ̀tì àtijọ́ tó ti gbó ni wọ́n tún lò, àti pé wọn kò fi pínnì sí i, tàbí wọn kò fi í síbẹ̀ dáadáa. Bóòtù yọ, ọ̀pá já, ọkọ̀ kò sì gbọ́ràn sí awakọ̀ lẹ́nu mọ́.

Mẹkáníìkì ṣiṣẹ́ náà, ẹlòmíràn sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó rí àṣìṣe náà nínú àwọn méjèèjì. Àjọ náà sọ pé àárẹ̀ wà lára wọn, àti pé ìwé iṣẹ́ wọn kò to ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹẹsẹ.

ÌTÀN TÈMI

Ní sáà tó kọjá, ẹgbẹ́ wa ń lọ wàásù ní abúlé kan. Fọganáísà pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì wa ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Iṣẹ́ mi ni láti fi sípánà dán àwọn nọ́ọ̀tì wò, kí n sì fọwọ́ sí ìwé. Mo ti ṣe TDB òru méjì nítorí ìdánwò. Mo wo táyà náà láti òkèèrè, mo fọwọ́ sí ìwé, mo sì lọ sùn.

Lójú ọ̀nà, awakọ̀ wa gbọ́ ìró kan, ó sì yára dúró. Nọ́ọ̀tì méjì ti bọ́ dànù, ìyókù ti dẹ̀. Èèyàn 18 ló wà nínú ọkọ̀ náà.

Lọ́jọ́ Àìkú, a jẹ́rìí, a jó, a ní Ọlọ́run ti da ète ọ̀tá rú. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ló mọ̀ pé irọ́ ni ìfọwọ́sí mi.

Lẹ́yìn kíláàsì tí mo sọ yẹn, mo lọ bá olórí ẹ̀ka wa. Mo ní, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò yẹ táyà yẹn wò.” Wọ́n dákẹ́ pẹ́, wọ́n wá ní, “Ọlọ́run ló dá wa sí, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n má fi àánú Rẹ̀ bo àṣìṣe rẹ mọ́lẹ̀.” Mo jẹ́wọ́ fún ẹ̀ka wa. Láti ọjọ́ náà, ẹni méjì ló ń yẹ ọkọ̀ wò: ọ̀kan di sípánà mú, èkejì ń ka ìwé.

Ẹ̀KỌ́ MẸ́TA

1. Ìfẹ́ wà nínú ohun kékeré. Nínú Diutarónómì, Ọlọ́run pàṣẹ pé kí ẹni tó bá kọ́lé ṣe ìgbátí yí òrùlé ká, kí ẹnikẹ́ni má baà ti orí rẹ̀ ṣubú. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá ṣubú yóò wà lọ́rùn onílé. Onílé lè má fẹ́ ibi fún ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ a óò bi í léèrè.

2. Ìfọwọ́sí rẹ, ẹ̀rí ni. Bí o bá fọwọ́ sí ìwé wíwà ní kíláàsì fún ọ̀rẹ́ rẹ, tàbí o kọ iṣẹ́ tí o kò ṣe sínú ìwé IT rẹ, ẹ̀rí èké lo jẹ́. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

3. Àárẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n fífi í pamọ́ léwu. Jẹ́tírò sọ fún Mósè pé iṣẹ́ náà wúwo jù fún òun nìkan, Mósè sì gbọ́. Ká ní mo sọ pé, “Ó ti rẹ̀ mí, ẹ bá mi ṣe é,” ẹnìkan ì bá gba sípánà lọ́wọ́ mi.

FÚN ÀṢÀRÒ

Iṣẹ́ wo lo fọwọ́ sí tí o kò ṣe? Ta ni yóò jìyà bí ó bá tú? Ta lo yẹ kí o lọ bá lọ́sẹ̀ yìí?

ÀDÚRÀ

Olúwa, fún mi ní ọkàn tó ń ṣòótọ́ níbi tí ojú èèyàn kò dé, àti ìgboyà láti jẹ́wọ́ kí ohun kékeré tó di ẹkún. Ní orúkọ Jésù. Àmín.