Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Etí Tó Ń Gbọ́ Ketekete Lè Máa Fa Òòyì

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kò nílò kí n ṣàlàyé òòyì fún yín. Púpọ̀ nínú yín ti yíra padà lórí ẹní láàárọ̀ rí, tí àjà ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ohun tí a fẹ́ kọ́ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: etí ní iṣẹ́ méjì. Ó ń gbọ́ràn, ó sì ń mú wa dúró kí á má ṣubú. Ẹ tún un kà. Etí ní iṣẹ́ méjì.

Ibi tí àwọn tó ṣáájú yín ní kíláàsì yìí ti máa ń ṣì í gbọ́ nìyí. Bí a bá ti ní òòyì lè ti inú etí wá, wọn á ní, "Tíṣà, etí mi kò dí o, mo ń gbọ́ ketekete." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n apá tó ń gbọ́ràn yàtọ̀ sí apá tó ń mú wa dúró. Ọ̀kan lè ṣàìsàn kí èkejì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Etí tó ń gbọ́ ketekete lè máa fa òòyì.

Apá tó ń mú wa dúró wà ní inú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ìlù etí, nínú eegun orí. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tó tẹ̀ kọrọdọ ló wà níbẹ̀ nínú etí kọ̀ọ̀kan, omi sì kún inú wọn. Ẹ bu omi sínú igbá, ẹ jẹ́ kó dákẹ́, kí ẹ wá yí igbá náà lójijì. Igbá ti yí, omi kò tíì tẹ̀ lé e. Bó ṣe rí nínú etí nìyẹn nígbà tí ẹ bá yí orí. Omi náà á tẹ irun wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ inú ibẹ̀, irun á ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé orí ti yí, ọpọlọ á sì dárí ojú sí òdìkejì.

Ẹ dán an wò. Ẹ na àtàǹpàkò síwájú, ẹ tẹjú mọ́ ọn, kí ẹ wá máa mi orí kíákíá bí ẹni ń sọ pé rárá. Àtàǹpàkò hàn kedere. Ó yá, ẹ jẹ́ kí orí dúró, kí ẹ máa mi àtàǹpàkò kíákíá bákan náà. Ó di bàìbàì. Etí ló bá yín ṣe iṣẹ́ ti àkọ́kọ́ yẹn, kì í sì í ṣe iṣẹ́ gbígbọ́.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí dókítà bá ń yẹ apá tó ń mú wa dúró yìí wò, ojú ló ń wò. Robert Bárány, dókítà etí ní ìlú Vienna, rí i pé bí òun bá fi omi tútù fọ etí aláìsàn, òòyì á kọ́ ọ, ẹyinjú rẹ̀ á máa fò sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bó bá fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹyinjú á máa fò sí òdìkejì. Báyìí ló ṣe ń mọ etí tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1914 lórí rẹ̀.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú òòyì etí ni ti òkúta. Òkúta kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí wà nínú etí gbogbo wa. Bí ọjọ́ orí bá ń lọ, tàbí bí ènìyàn bá fi orí gbá nǹkan, díẹ̀ lè já bọ́ sínú ọ̀pá omi yẹn. Láti mọ̀ bóyá òkúta yìí ló ń fa òòyì, dókítà á ní kí ẹ jókòó na ẹsẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, á yí orí yín sí ẹ̀gbẹ́ kan, á sì dẹ̀ yín sẹ́yìn kíá títí orí yín á fi rọ̀ díẹ̀ kọjá etí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má di ojú! Ẹyinjú á bẹ̀rẹ̀ sí í fò, òòyì á dé, á sì rọlẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Margaret Dix àti Charles Hallpike ló kọ ọ̀nà yìí sílẹ̀ ní London lọ́dún 1952. Lẹ́yìn wọn, John Epley ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí a bá ń yí orí náà létòlétò, òkúta á padà sí àyè rẹ̀, láìsí abẹ́rẹ́.

Mo ní láti sọ ti abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ gentamicin tí àwọn kan máa ń lọ gbà ní kẹ́míìsì lè pa irun wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ inú etí, irun náà kì í sì í hù mọ́. Ó lè ba apá tó ń mú wa dúró jẹ́, kí gbígbọ́ sì wà síbẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni? Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ìṣègùn. Ẹni tí apá tó ń mú wa dúró bá bàjẹ́ lè máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, nítorí náà kò yẹ kí á máa pe gbogbo ẹni tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lójú títì ní ọ̀mùtí. Bí ẹ bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ dì í mú, ẹ mú un jókòó.

Bí òòyì bá gbé yín dé ilé ìwòsàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, ṣùgbọ́n ẹ má lo oògùn rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì wọ̀n ọ́n. Ẹ sọ bí òòyì náà ṣe pẹ́ tó, ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe nígbà tó dé, ẹ kó gbogbo oògùn yín dání. Ṣùgbọ́n bí ẹnu bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kò lágbára, tàbí tí ohun kan ń di méjì lójú, ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má yí orí onítọ̀hún wò nílé; ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.