Ẹ Má Ka Táǹkì Nìkan: Ìmọ̀ràn Lórí Agbára àti Àléébù Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Sófíẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìwòyí fẹ́ràn àríyànjiyàn lórí orílẹ̀-èdè tó lè na èkejì lójú ogun. Ẹ ó ka táǹkì, ẹ ó ka bàálù, ẹ ó ka bọ́ǹbù, ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù lẹ ó gbé adé fún. Nígbà tiwa, Sófíẹ́ẹ̀tì kì í gbẹ́yìn nínú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ní ti táǹkì, kò sí ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó tó wọn láyé. Síbẹ̀, ẹ wá wọn tì lónìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yẹ kí ẹ máa wò.

1. Ẹ kọ́kọ́ béèrè irú ogun tó bí wọn. Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Stalin, olórí Sófíẹ́ẹ̀tì, gbọ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn amí rẹ̀ sọ fún un, Churchill pàápàá ránṣẹ́ sí i, kò gbà. Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹfà, ọdún 1941, Hitler ya wọ ilé rẹ̀. Nígbà tí ogun fi máa parí, nǹkan bí mílíọ̀nù 27 ènìyàn Sófíẹ́ẹ̀tì ló ti kú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti pinnu pé bí ogun bá tún máa jà, ilẹ̀ ẹlòmíràn ni yóò ti jà. Lóòótọ́, wọ́n dá ọ̀pọ̀ sójà padà sílé, tó fi jẹ́ pé mílíọ̀nù 11 tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní 1945 kò tó mílíọ̀nù 3 mọ́ ní 1948. Ṣùgbọ́n wọn kò kúrò ní Ìlà-Oòrùn Jámánì. Húngárì fẹ́ yapa ní 1956, táǹkì wọ Budapest. Czechoslovakia fẹ́ dẹ okùn díẹ̀ ní 1968, táǹkì wọ Prague.

2. Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun ìjà tí kò lẹ́wà. Mikhail Kalashnikov, sájẹ́ńtì tó fara gbọgbẹ́ nínú táǹkì ní 1941, ló ṣe ìbọn tí wọ́n gbà fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun ní 1949. Ẹrẹ̀ wọ̀ ọ́, iyanrìn wọ̀ ọ́, yóò ṣì ró. Ọmọ oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọṣẹ́ ogun lè tú u, kó nù ún, kó sì tò ó padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni táǹkì T-54 àti T-55. Inú rẹ̀ há, ó sì ń gbóná, àmọ́ kò sí táǹkì mìíràn tí wọ́n ṣe tó pọ̀ tó o láti ìgbà tí táǹkì ti dáyé. Ọmọ ogun tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ohun ìjà fún, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lálàá rẹ̀. Ọgbọ́n gidi nìyẹn, mi ò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

Nàìjíríà, ilẹ̀ wa náà, kò ṣàì mọ ohun ìjà Sófíẹ́ẹ̀tì. Nígbà Ogun Abẹ́lé, Amẹ́ríkà kọ̀, kò ta ohun ìjà fún Ìjọba Àpapọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ta ìbọn, kò ta bàálù ogun. Ni ìjọba Gowon bá kọjú sí Moscow. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, bàálù MiG ti ń balẹ̀ sí Kano. Àwọn ará Íjíbítì ló wa púpọ̀ nínú wọn, ẹni tó sì gbé Biafra nígbà náà yóò sọ fún yín pé bọ́ǹbù wọn kò mọ ọjà yàtọ̀ sí bárékè.

3. Ẹ má jẹ́ kí bọ́ǹbù ńlá gbé yín lọ́kàn. Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹwàá, ọdún 1961, wọ́n ju àdó olóró kan sí erékùṣù Novaya Zemlya, tí a kò tíì rí èyí tó tó o títí dòní. Ó tóbi débi pé wọ́n yọ ilẹ̀kùn ikùn bàálù kó tó lè gbé e. Kò wúlò fún ogun kankan. Àwọn mísáìlì tí wọ́n tò sínú ihò ilẹ̀ àti sínú ọkọ̀ abẹ́ omi lẹ́yìn náà ló mú Nixon, ààrẹ Amẹ́ríkà, wá sí Moscow ní 1972 láti bá Brezhnev, olórí Sófíẹ́ẹ̀tì, tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí wọn.

4. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun dé ìdí, ẹ wá sájẹ́ńtì rẹ̀ lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ní Amẹ́ríkà tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì, sájẹ́ńtì lè ti lo ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́; òun ló ń kọ́ ọmọ tuntun, òun náà ló ń rọra tọ́ ọ̀gá kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ẹ̀kọ́ ológun sọ́nà. Ní Sófíẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ sájẹ́ńtì jẹ́ ọmọdékùnrin tí òfin mú wọṣẹ́ bíi ti àwọn yòókù, tí wọ́n kàn kọ́ fún oṣù díẹ̀. Ta ni yóò bẹ̀rù rẹ̀? Ọ̀gá ológun ló wá ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, tó tún ń ṣe ti sájẹ́ńtì. Bí ilẹ̀ bá wá ṣú tí ọ̀gá lọ sílé, àwọn tó ti pẹ́ ní bárékè ló ń jọba.

Láti 1967, ọdún méjì ni òfin ní kí ọmọkùnrin fi sin ìjọba nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀, oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n sì ń kó ọmọ tuntun wọlé. Èyí tó ku oṣù mẹ́fà kó lọ yóò di olúwa lórí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ̀yin tí ẹ gbé inú ọgbà ilé-ìwé rí mọ bí sínọ̀ ṣe ń fi júníọ̀ ṣe ẹrú. Ẹ fi ìbọn kún un, kí ẹ sì yọ tíṣà kúrò níbẹ̀. Wọ́n ń gba oúnjẹ ọmọ tuntun, wọ́n ń gba bàtà rẹ̀, wọ́n ń lù ú, àwọn kan sì pa ara wọn nítorí rẹ̀. Àwọn tó wá láti Àárín Gbùngbùn Éṣíà, tí ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ èdè Rọ́ṣíà dáadáa, ṣọ́bìrì ni wọ́n sábà máa ń kó lé lọ́wọ́ pé kí wọ́n lọ máa kọ́lé. Ìwé ìròyìn kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ìgbà tí Gorbachev, olórí Sófíẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn, tú ẹnu wọn sílẹ̀ ni àwọn ìyá figbe ta, tí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn ìyá sójà sílẹ̀ ní 1989. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà.

5. Ẹ wo omi tí ọmọ ogun ń mu. Ní oṣù kejìlá ọdún 1979, wọ́n wọ Afghanístàn. Wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí láti fi táǹkì ya gba pẹ̀tẹ́lẹ̀ Jámánì kọjá, wọ́n wá bá ara wọn láàárín òkè, níbi tí ẹnu ìbọn táǹkì kò ti lè yọ sókè tó láti bá ẹni tó ba sórí àpáta. Hẹlikópítà ló ń gbà wọ́n, títí Amẹ́ríkà fi kó mísáìlì Stinger fún àwọn ọ̀tá wọn ní 1986. Àmọ́ Stinger kọ́ ló ń bí mi nínú. Nǹkan bí 620,000 ni àwọn tó sìn níbẹ̀; èyí tó ju 400,000 lọ nínú wọn ni àìsàn gbé dùbúlẹ̀. Ibà pọ́njú nìkan mú èyí tó lé ní 100,000, táífọ́ọ̀dù náà kó tirẹ̀. Omi ẹlẹ́gbin àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò ní ìtọ́jú ló fà á. Ìjọba tó gbé Gagarin lọ sí òfuurufú ní 1961 kò rí omi mímọ́ fún ọmọ tó rán lọ sógun! Nǹkan bí 15,000 kú kí Ọ̀gágun Boris Gromov tó rìn kọjá afárá odò Amu Darya kúrò ní Afghanístàn ní ọjọ́ 15, oṣù kejì, ọdún 1989.

6. Ẹ ṣọ́ra fún ibi tí òótọ́ kì í ti í dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Ní 1960, Ọ̀gágun Àgbà Nedelin ń kánjú kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun kan fò kí ọjọ́ àjọ̀dún ìjọba tó pé. Ó gbé àga jókòó sítòsí rẹ̀ kí wọ́n lè tètè ṣe é. Rọ́kẹ́ẹ̀tì gbiná, ó pa á pẹ̀lú ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́, ìjọba sì kéde pé jàǹbá bàálù ló pa á. Irọ́ yẹn wà bẹ́ẹ̀ títí di 1989.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1983, wọ́n yìnbọn lu bàálù èrò ilẹ̀ Kòríà, ènìyàn 269 sì kú. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀rù àtipàṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn ọ̀gá. Nígbà tó di ọdún 1987, ọmọ Jámánì kan, Mathias Rust, ọmọ ọdún 18, fi bàálù kékeré gbéra láti Helsinki, ó sì balẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ààfin ìjọba ní Moscow. Rédà rí i. Bàálù ogun pàápàá lọ wò ó. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí àṣẹ ti ẹnu òun jáde. Ìyẹn ni Gorbachev fi lé mínísítà ètò ààbò rẹ̀ kúrò.

Ẹ fi wé Stanislav Petrov, ọ̀gá ológun Sófíẹ́ẹ̀tì tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ bí mísáìlì bá ń bọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1983 kan náà, ẹ̀rọ sọ fún un pé mísáìlì márùn-ún ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ó ní irọ́ ni, ẹni tó bá fẹ́ gbógun wá kò ní í fi márùn-ún péré bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Wọ́n bá a wí nítorí pé kò kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ bó ṣe yẹ.

7. Ẹ béèrè iye tó ń ná wọn, àti ta ló mọ̀ ọ́n. Títí di 1989, ohun tí wọ́n ń sọ fáyé ni pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 20 rúbù ni ogun ń gbà lọ́dún. Gorbachev wá kéde bílíọ̀nù 77, púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ló sì gbà pé ìyẹn náà kéré sí òótọ́. Lásìkò kan náà, àwọn ìyàwó ilé ń tò lórí ìlà nítorí ẹran àti ọṣẹ. Nígbà tí Sófíẹ́ẹ̀tì túká ní oṣù kejìlá 1991, ó ṣì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún àdó olóró, kò sì sí ọ̀tá kankan tó gbógun wá. Àwọn sójà tó kẹ́yìn kúrò ní Jámánì ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1994. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ilé tí wọn yóò padà sí, Jámánì tí wọ́n ṣẹ́gun ní 1945 ló sì san owó tí wọ́n fi kọ́ ilé fún wọn.