Ṣé Ọ̀rọ̀ Ojú-Ọjọ́ àti Àwọ̀ Dúdú Kan Ọmọ Adó?

ÌBÉÈRÈ

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Àwa ọ̀dọ́ bíi mélòó kan fẹ́ ṣe ìwọ́de lọ sí gbàgede Fájuyì l'Ádó níbí nítorí àyípadà ojú-ọjọ́, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn ti wọ àárín wa. Àwọn kan ní kí a kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú àti ọ̀rọ̀ ìṣẹ́ mọ́ pátákó wa, pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Àwọn tó kù ní omíyalé nìkan ni kí a bá ìjọba sọ. Bàbá mi, tí wọ́n ń dá oko kòkó ní Ìjàn, gbọ́ ọ, wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Òyìnbó mélòó ló wà l'Ádó tí ẹ fẹ́ bá jà?" Wọ́n ní kí n jókòó ti ìwé mi, àbí mo ti gbàgbé ìbọn tí wọ́n yìn sí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe ìwọ́de ní Lẹ́kkí, l'Èkó, ní 2020 ni? Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí bá ara wọn tan lóòótọ́, àbí òyìnbó la kàn ń sín jẹ? Ṣé kí n yọwọ́?

— Ọmọ Àgbẹ̀, Adó-Èkìtì

ÌDÁHÙN

Ọmọ Àgbẹ̀, wọ́n bá ara wọn tan dáadáa. Má yọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ àwọn tó ní omíyalé ni kí ẹ gbé síwájú náà kò wọ́, màá sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ kò ní láti rìn jìnnà kí ẹ tó rí ẹni tí ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣojú rẹ̀. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó múlé gbe yín ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Níyì Ọ̀ṣúndáre, akéwì tí gbogbo ayé mọ̀. New Orleans ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń kọ́ni nígbà tí ìjì Katrina jà níbẹ̀ ní 29 Oṣù Kẹjọ, 2005. Odi tó ń sé omi ya, omi sì bo ìlú. Ọ̀jọ̀gbọ́n àti ìyàwó wọn sá gun àjà ilé, ibẹ̀ ni wọ́n há sí fún bíi wákàtí 26 kí aládùúgbò kan tó gbọ́ igbe wọn, tó sì yọ wọ́n. Ìwé wọn àti àwọn àfọwọ́kọ wọn bá omi lọ. Ewì tí wọ́n kọ lórí rẹ̀ jáde ní 2011, City Without People ni orúkọ ìwé náà.

Àwọn tí omi náà gbé lọ ńkọ́? Ìjọba ti kéde tẹ́lẹ̀ pé kí ará ìlú jáde. Ẹni tó ní mọ́tò àti owó òtẹ́ẹ̀lì jáde. Aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn tí kò ní mọ́tò, àdúgbò tó rẹlẹ̀, bíi Lower Ninth Ward, ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń gbé. Ìjì kò bi ẹnikẹ́ni léèrè àwọ̀. Kí ìjì tó dé rárá ni ètò ìlú ti pín kálukú sí ibi tí omi yóò ti bá a.

Irú ìpín bẹ́ẹ̀ wà l'Ádó, àyàfi pé owó ló ń pín in níbí. Ẹni tó rí já jẹ ra ilẹ̀ sórí òkè. Ẹni tí kò rí já jẹ háyà yàrá sí ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi bíi ti Ajílósùn, nítorí pé ibẹ̀ ló dínwó. Bí òjò ńlá kan bá rọ̀, tí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ti dí gọ́tà, kí ilẹ̀ tó mọ́, mátírẹ́ẹ̀sì ti mumi yó, gààrí ti di ẹ̀bà nínú àpò.

Ní ti èéfín tó ń mú ayé gbóná, bí a bá pín èéfín Nàìjíríà kárí, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan wa kò tó tọ́ọ̀nù kan lọ́dún. Ti ará Amẹ́ríkà kan ń lọ sí tọ́ọ̀nù 14. Ní 2023, àjọ Oxfam fi hàn pé ẹni kan tó lówó jù nínú ọgọ́rùn-ún lágbàáyé ń tú èéfín tó ti ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ènìyàn, ìyẹn àwọn tó tálákà jù. Ẹnìkan jẹ̀gbèsè, wọ́n ní kí ẹlòmíràn san án.

Nítorí náà, rọra bi bàbá rẹ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, níbo ni wọ́n ti ń dá iye kòkó? Ọjà Lọ́ńdọ̀nù àti ti New York ni. Bí òjò bá sì pọ̀ lápọ̀jù tí kòkó dúdú sórí igi, Ìjàn ni àdánù náà ń já sí. Òyìnbó kò sí l'Ádó, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti dé oko bàbá rẹ tipẹ́.

Ẹ̀yin kọ́ sì ni ọ̀dọ́ àkọ́kọ́ tí yóò so ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pọ̀. Láàárín 1987 sí 1988, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá sí Kókó, ìlú èbúté kan ní Bẹ́ńdẹ̀lì ayé ọjọ́un, tó ti di Delta. Wọ́n háyà àgbàlá ará ìlú kan ní nǹkan bíi 100 dọ́là lóṣù, wọ́n to dúrọ́ọ̀mù síbẹ̀. Májèlé wà níbẹ̀, ìṣẹ́ wà níbẹ̀, èrò pé ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni ààtàn aráyé náà sì wà níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì ló kọ̀wé ta àwọn oníwèé ìròyìn ilé lólobó. Ní Oṣù Kẹfà 1988, ariwo ta. Ìjọba Babangida pe aṣojú wa ní Ítálì wálé, wọ́n sì mú ọkọ̀ òkun Ítálì kan sílẹ̀. Ítálì kó ẹrù rẹ̀ padà. Ọdún yẹn náà ni òfin tó de ìdọ̀tí olóró jáde, tí wọ́n sì dá àjọ FEPA sílẹ̀ láti máa bójú tó àyíká.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà wọlé ni pé wọ́n mọ ibi tí ẹrù ti kúrò, wọ́n mọ ibi tó gúnlẹ̀ sí. Ìjọba kò rí ibi sá sí.

Ẹ wo Adéníkẹ̀ẹ́ Ọládòsù náà, ọmọ Yorùbá tó kàwé nípa ọrọ̀-ajé àgbẹ̀ ní Mákúrdí. Ìjà àgbẹ̀ àti darandaran tó rí níbẹ̀ ló sọ ọ́ di ajàfẹ́tọ̀ọ́, tó fi ń sọ̀rọ̀ adágún Chad tó ti dín kù púpọ̀, títí tó fi dé ìpàdé àgbáyé lórí ojú-ọjọ́ ní Madrid ní 2019. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti darandaran náà kan Èkìtì, torí pé ní 2016 ni ìpínlẹ̀ yín ṣe òfin tó de dída màlúù káàkiri. Níbí ni màá ti kìlọ̀ fún yín. Ẹni tó bá gbé pátákó ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú ní Fájuyì, tó tún ń pe gbogbo Fúlàní ní ọ̀daràn nítorí ìjà darandaran, ẹlẹ́yàmẹ̀yà lòun náà. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ nílé.

Ní ti àríyànjiyàn yín, ojú kan ni àdá ń ní. Ẹ mú odò kan, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́yìn òjò, ẹ kọ orúkọ àdúgbò àti déètì sí i. Èkìtì ní òfin òmìnira ìròyìn tirẹ̀ láti 2011, ẹ fi kọ̀wé béèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún gọ́tà ibẹ̀, àti ẹni tó gba kọ́ńtíráàtì. Ìyẹn ni kí ó wà lórí pátákó. Nígbà tí wọ́n bá bi yín ní ìdí tó fi jẹ́ pé ìsàlẹ̀ odò ni tálákà ń gbé, ẹ wá ṣí ọ̀rọ̀ àwọ̀ àti ti ọrọ̀ ayé.

Ẹ̀rù tó ń ba bàbá rẹ kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Abala 40 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè 1999 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti péjọ ní òmìnira. Síbẹ̀, ẹ fi tó ọlọ́pàá létí ṣáájú, kí ẹ rìn lọ́sàn-án, kí ẹ sì túká kí oòrùn tó wọ̀. Pe bàbá rẹ kí wọ́n wá sọ ti oko kòkó wọn níbẹ̀.

Bí ọ́fíìsì ìjọba bá dá lẹ́tà yín lóhùn, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, a ó tẹ̀ ẹ́ síbí. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ fi déètì tí ẹ kọ lẹ́tà náà ránṣẹ́, a ó tẹ ìyẹn náà.