Yánrin Ni Kó Jẹ, Kì í Ṣe Iyanrìn

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé ní Àjàó Estate fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí wa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti òkè òkun dé fún un ní ọmọ alángbá kan, irú èyí tí ń gbé ní aṣálẹ̀ Sàhárà, kò sì tíì ní irú ẹran bẹ́ẹ̀ nílé rí. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà rẹ̀ báyìí: “Ẹ̀yin àgbà, mo ń sin alángbá.” Màmá rẹ̀ ka lẹ́tà náà kó tó fi ránṣẹ́, ó sì bi í pé, “Ṣé ó ti kú ni?” Òun wá ń béèrè pé kí ni òun ìbá kọ.

Màmá kò ka ọ̀rọ̀ gba òdì. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ló wà níbẹ̀. Sìn, olóhùn ìsàlẹ̀, ni ti ẹran tí a ń tọ́ dàgbà. Òun ló bí ọ̀sìn. Sin, olóhùn àárín, ni ti òkú. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí gbogbo wa ń pa mọ́ láìmọ̀ pé òfin ni: bí ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan bá ní ohùn ìsàlẹ̀, tó sì gba ọ̀rọ̀-orúkọ ní àbọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ yẹn yóò gòkè di àárín. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé “mo rà á”, tí a sì ń sọ pé “mo ra iṣu”. “Ó kọ̀ ọ́”, ṣùgbọ́n “ó kọ ìyàwó rẹ̀”. Sìn náà kò yàtọ̀: mo sìn ín, mo sin ajá. Bó bá sì ti di “mo sin ajá”, etí kò lè yà á sọ́tọ̀ mọ́ kúrò lára ajá tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ fún lẹ́yìnkùlé.

Àyíká ọ̀rọ̀ ló sábà máa ń yọ wá. Bí ẹnìkan bá ní òun ń sin adìyẹ, kò sí ẹni tí yóò kí i kú ọ̀fọ̀, torí adìyẹ ti mọ́ wa lára lọ́sìn. Alángbá ni kò tíì mọ́ wa lára. Èyí tó ń mi orí lórí ògiri ọgbà ní Máfolúkù, kò sẹ́ni tó ní in. Nítorí náà, kí ọ̀dọ́mọkùnrin wa kọ ọ́ pé “mo fi alángbá ṣe ọ̀sìn”, tàbí “mo ń tọ́ ọmọ alángbá kan”. Èmi fẹ́ràn èkejì. Bó bá sì ti dárúkọ ẹran náà tẹ́lẹ̀, arọ́pò-orúkọ yóò yanjú ọ̀rọ̀: “mo ń sìn ín” kò lè di ìsìnkú láéláé.

Mo kọ aṣálẹ̀, n kò kọ aginjù. Àwọn tí Bíbélì kọ́ lédè yóò ní ọ̀kan náà ni, torí aginjù ni wọ́n ń kà pé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti rìn kiri fún 40 ọdún. Lẹ́nu ọdẹ, aginjù jẹ́ igbó ńlá tí èèyàn kì í gbé, tí igi dí tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ilẹ̀. Ẹ sọ fún irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ pé alángbá yín wá láti aginjù, ibi olóòji tó tutù ni yóò wá fún un, àìsàn yóò sì dé. Aṣálẹ̀ ni ilẹ̀ gbígbẹ tí igi àti omi ṣọ̀wọ́n sí. Ibẹ̀ ni tirẹ̀.

Orúkọ ẹran fúnra rẹ̀ ńkọ́? Uromastyx ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Mali, Niger, Algeria àti Chad wà lára ibi tí irú rẹ̀ ń gbé, nínú ihò àti pàlàpálá òkúta. Ìrù rẹ̀ kún fún ẹ̀gún, òun ló fi ń na ẹni tó bá fẹ́ mú un. Ọ̀rọ̀ náà alángbá bá a mu gan-an, torí ẹbí kan náà ni òun àti alángbá olórí pupa tó wà ládùúgbò wa. Ẹ má pè é ní ọmọńlé, èyí tó ń gun ògiri pálọ̀ lálẹ́. Ẹbí ọ̀tọ̀ nìyẹn. Awọ́nrínwọ́n náà kọ́, ẹran etí omi tó tóbi ni ìyẹn. Èmi yóò máa pè é ní alángbá onírù-ẹ̀gún, títí ẹni tó gbọ́n jù mí lọ yóò fi mú èyí tó dára ju bẹ́ẹ̀ wá.

Gbólóhùn kejì nínú lẹ́tà náà dà mí láàmú ju ti àkọ́kọ́ lọ: “Mo máa ń sá a sí oòrùn láràárọ̀.” Mo bẹ̀ yín, a kì í sá ohun abẹ̀mí. Ata là ń sá, àgbàdo là ń sá, aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ là ń sá. Ohun tí a bá sá, a fẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ ni, kò sì lágbára àtidìde kúrò níbi tí a tẹ́ ẹ sí. Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ní fún ohun tí alángbá ń ṣe ni yá: ó ń yá oòrùn. Yá yìí náà ni ti iná. Bí ọyẹ́ bá mú àgbàlagbà láàárọ̀, yóò fa àpótí ìjókòó sún mọ́ iná, yóò máa yá a; bó bá gbóná jù, yóò sún sẹ́yìn; bí ara bá tún tutù, yóò padà síwájú. Ìpinnu wà lọ́wọ́ ẹni tó ń yá iná. Ohun tí wọ́n sá kò ní ìpinnu kankan.

Bí ẹ bá ti mọ ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ méjì yìí, ẹ ti mọ ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtọ́jú ẹran náà. Ara alángbá kò lè dá ooru ṣe bíi tiwa; ibi tó bá jókòó sí ló ń fún un ní ooru. Àpótí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó tí ìkángun kan yóò fi gbóná gidi, tí èkejì yóò sì tutù. Lórí òkúta tó ti ń yá oòrùn, ooru tó nǹkan bí 50 lórí ìwọ̀n Celsius ló ń wá. Kí ìkángun kejì má ju nǹkan bí 30 lọ, kí ihò tó lè forí pamọ́ sí sì wà níbẹ̀. Òṣùwọ̀n ooru méjì ni kó rà, ọ̀kan fún ìkángun kọ̀ọ̀kan, torí ọwọ́ èèyàn kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá gbé àpótí onígíláàsì sínú oòrùn ọ̀sán ní Ìsọlọ̀, ṣe ló fẹ́ se ẹran náà.

Gíláàsì tún ní àléébù mìíràn. Ìtànṣán kan wà nínú oòrùn tí wọ́n ń pè ní UVB. Òun ni ara alángbá fi ń ṣe fítámì D3, fítámì yìí ló sì ń jẹ́ kí kálísíọ́mù inú oúnjẹ dé inú egungun. Gíláàsì fèrèsé kì í jẹ́ kí ìtànṣán náà kọjá. Ọmọ alángbá tí kò bá rí i, egungun rẹ̀ yóò rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wọ́. Gílóòbù àkànṣe wà tí ń mú UVB jáde, ṣùgbọ́n ta ni yóò fọkàn tán iná mànàmáná àdúgbò wa? Àgò onírin ni mo fara mọ́: kó gbé e síta láàárọ̀, kí ìdajì rẹ̀ wà lábẹ́ òjìji, kí ọwọ́ ológbò má sì tó inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà kó kọ ọ́ sí mi pé, “Mo máa ń gbé e síta kó lè yá oòrùn.” Kó jọ̀ọ́ kó fi àmì sí i, torí alángbá ń fẹ́ oòrùn lọ́sàn-án, ó ń fẹ́ oorun lálẹ́, bí a kò bá sì kó ìgbẹ́ rẹ̀ dànù, òórùn ni gbogbo ilé yóò gbọ́.

Ooru kọ́ ni Èkó fi ń pa irú ẹran yìí, ọ̀rinrin ni. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, afẹ́fẹ́ wa a máa kún fún omi, ilẹ̀ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ a sì máa rin. Ẹran tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ mọ afẹ́fẹ́ gbígbẹ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mí pẹ̀lú ariwo. Kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ gba inú àpótí rẹ̀ kọjá, kí wọ́n má wọ́n omi sí i lára, kí wọ́n má sì gbé abọ́ omi kalẹ̀ síbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Inú ewé ló ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú omi tó ń lò.

Ewé wo? Ibẹ̀ ni mo ti mú àkọlé òní. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa kọ ọ́ láìfi àmì sí i pé wọ́n ní kí òun wá “yanrin” fún un, ó sì lọ ra iyanrìn odò, ó dà á kún àpótí. Èrò rẹ̀ ni pé ohun tó bá ti ń gbé ní aṣálẹ̀, iyanrìn ni ilé rẹ̀. Ọmọ alángbá a máa fi ahọ́n tọ́ gbogbo ohun tó bá rí wò, iyanrìn tó bá gbé mì a sì lè dí i nífun. Ìwé ìròyìn àtijọ́ tàbí táìlì ni kó tẹ́ síbẹ̀ títí yóò fi dàgbà. Yánrin ni kó lọ rà, ẹ̀fọ́ tó korò díẹ̀ lẹ́nu yẹn, tí ewé rẹ̀ ní ṣóńṣó létí. Ìbátan ni òun àti ewé dandelion tí àwọn òyìnbó máa ń fún irú alángbá yìí. Àwọn alẹ́fọ̀ọ́ tó mọṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Kó béèrè lọ́jà Aswani lọ́jọ́ Túsìdeè, ṣùgbọ́n kó la ẹnu rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n má baà júwe ibi tí wọ́n ti ń já iyanrìn fún un. Tẹ̀tẹ̀ àti gbúre kò burú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ohun kan wà nínú wọn tí ń di kálísíọ́mù mú tí kì í jẹ́ kí ara rí i lò. Ewé ẹ̀gẹ́ tútù, rárá. Aáyán àti ìjàǹpere náà kò sí nínú oúnjẹ rẹ̀. Alángbá tiwa ló ń jẹ kòkòrò, ewé ni èyí ń jẹ.

Bó bá rí ohun funfun ní imú rẹ̀, tí ẹran náà ń sín, kó má sáré ra oògùn ọ̀fìnkìn. Iyọ̀ ni. Ara rẹ̀ ń gba ihò imú ti iyọ̀ tó pọ̀ jù jáde, kó má baà fi omi ṣòfò. Báyìí ni sìn, sin àti sín ṣe pé jọ sórí alángbá kan ṣoṣo, mo sì gbà á ládùúrà pé kí èyí tó wà láàárín pẹ́ kó tó dé: irú ẹran yìí lè lo ọdún 15 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú.

Ó tún kọ ọ́ pé “awọ rẹ̀ ń yí padà”. Èwo? Bí awọ bá ń ṣí lára rẹ̀ bí bébà, ó ń bọ́ awọ nìyẹn, gbogbo ọmọ alángbá tó ń dàgbà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ó má fi ọwọ́ ya á. Bó bá jẹ́ pé ó dúdú láàárọ̀, tó wá mọ́lẹ̀ nígbà tí oòrùn mú, àwọ̀ ló ń pa dà. Ara tó dúdú tètè ń gba ooru. Èyí tó bá wá dúdú láti àárọ̀ di alẹ́ lórí òkúta gbígbóná, ara rẹ̀ kò dá.

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Àwọn kan ń kọ ọ́ ní “danú délẹ̀”. Kò ṣàìtọ̀nà, inú náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á kíákíá lè pè é ní dànù, nítorí náà dakùn ni mo ń gbè lẹ́yìn. Èèyàn là ń pa òwe yìí mọ́, òótọ́ rẹ̀ sì wà lára alángbá fúnra rẹ̀, torí kì í fi àìsàn hàn títí yóò fi pẹ́ jù. Òṣùwọ̀n kékeré ilé ìdáná ni kó máa fi wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìwọ̀n tó ń lọ sílẹ̀ yóò sọ ohun tí ikùn kò sọ. Àwọn dókítà ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní FUNAAB l'Abẹ́òkúta, bí ti tòsí kò bá mọ ẹran afàyàfà. Kó sì máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tó bá gbé e, pàápàá bí ọmọdé bá wà nílé, torí kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní salmonella a máa wà lára alángbá láìjẹ́ pé ó ń ṣàìsàn.

Mo pe ẹran yìí ní afàyàfà, orúkọ tí a fún gbogbo ẹ̀yà ejò, alángbá àti ìjàpá. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó súnmọ́ ọn: fàyàwọ́. Ọ̀kan ń fi àyà fà lójú gbogbo ayé, èkejì ń fa àyà wọ́lẹ̀ kí kọ́sítọ́ọ̀mù má baà rí i. Gbogbo irú Uromastyx ló wà lábẹ́ àdéhùn àgbáyé CITES tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 1974, òfin tiwa lórí òwò irú àwọn ẹran bẹ́ẹ̀ sì ti wà láti 1985. Kò yẹ kó bá pápákọ̀ òfurufú wọlé láìsí ìwé àṣẹ láti ilẹ̀ tó ti kúrò. Kí ọ̀dọ́mọkùnrin wa bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ìwé náà dà. Bí kò bá sí, kó lọ bá àwọn NESREA, àjọ ìjọba tó ń rí sí òfin àyíká, fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó wá bá a, kó sì gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ. Èyí tí kò gbọdọ̀ ṣe ni pé kó tú u sílẹ̀ sétí kànáàlì Òkè-Àfá pé ó ti di òmìnira. Ọ̀rinrin ibẹ̀ yóò pa á.