Agbàṣe, Ọ̀wẹ̀ àti Àáró: Kí Ẹ Tó Yan Ẹni Tí Ẹ Jọ Máa Dá Iṣẹ́ Sílẹ̀

Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fífi àmì ohùn sí ìwé: pírójẹ́ẹ̀tì, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ọmọdé. Ọjọ́ tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ wọlé ni mo ti sọ pé ìdajì ni tìrẹ, ìdajì ni tèmi. A ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ọ̀rẹ́ mi rí iṣẹ́ mìíràn, ó sì lọ. Ní báyìí, mo fẹ́ sọ iṣẹ́ náà di áàpù, ẹnì kan tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa sì ti ṣetán láti dara pọ̀ mọ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi gbọ́, ó ní ìdajì òun ńkọ́? Mi ò lè ní irọ́ ló ń pa. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kí n padà sídìí èdè wa. Àwọn àgbẹ̀ Yorùbá ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún oríṣiríṣi ìrànlọ́wọ́ lóko.

Agbàṣe: ẹni tó wá ṣe iṣẹ́, tó gba owó, tó sì lọ. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó máa ya lógò ni ẹ ń wá, alágbàṣe ni ẹ nílò. Ẹ má fi ìpín nínú okòwò yín san owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀wẹ̀: ọ̀pọ̀ èèyàn á wá ran olóko lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, olóko á sì fún wọn lóúnjẹ. Ọ̀rẹ́ tó bá yín dán áàpù wò ní ìrọ̀lẹ́ kan, ọ̀wẹ̀ ló wá ṣe. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àáró: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Ẹ bá a tún pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kà, kó bá yín kọ apá kan áàpù. Oko kálukú ṣì jẹ́ tirẹ̀.

Ẹni tí ẹ jọ dá iṣẹ́ sílẹ̀ kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Oko kan ṣoṣo ni, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ni ín, ẹ̀yin méjèèjì ni gbèsè rẹ̀ máa kàn.

Ìgbà wo wá ni kí ẹ wá a? Ìgbà tí ohun tí ẹ kò lè dá ṣe bá jẹ́ ọkàn iṣẹ́ náà, tí kò sì ní parí lọ́la. Kò sí ìkánjú: láti ìgbà tí òfin CAMA ti ọdún 2020 ti jáde, ẹnì kan ṣoṣo lè dá ilé-iṣẹ́ aládàáni sílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Báwo ni kí ẹ ṣe yàn án? Ẹ kọ́kọ́ bá a ṣe àáró. Larry Page àti Sergey Brin ti mọ ara wọn ní Stanford láti 1995, wọ́n sì ti jọ ṣe ìwádìí kí wọ́n tó dá ilé-iṣẹ́ Google sílẹ̀ ní 1998.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀. Èèyàn mẹ́ta ló fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Apple ní oṣù kẹrin 1976. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Ronald Wayne fi jáde, ó sì gba 800 dọ́là fún ìpín rẹ̀, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Owó náà kéré lójú wa lónìí, àmọ́ ìwé wà nílẹ̀ tó sọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Àdéhùn tó wọ́pọ̀ láàrin àwọn ilé-iṣẹ́ tuntun báyìí ni pé kí ìpín kálukú máa wọlé díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ẹni tó bá lọ kí ọdún kan tó pé kò ní ìpín kankan. Ká ní a ti ṣe bẹ́ẹ̀ ni, èmi àti ọ̀rẹ́ mi ì bá ṣì máa kí ara wa dáadáa.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Àwọn tó pa òwe yìí kò ní ká má ṣeré. Lọ́jọ́ Sátidé, mò ń lọ bá ọ̀rẹ́ mi pẹ̀lú àkọsílẹ̀ gbogbo iṣẹ́ tí a jọ ṣe, kí a lè jọ ṣírò ohun tó tọ́ sí i. Ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà náà ṣì ń dúró. Mo ti sọ fún un pé àáró ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, títí mo fi máa parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀.