Wèrè Kọ́, Ẹ̀dọ̀ Ni

Nígbà ọlidé, àbúrò bàbá mi ní Kakuri ń sọ ìsọkúsọ. Wọ́n ń sùn lọ́sàn-án, wọn ò sùn lóru, wọn ò mọ orúkọ ọmọ wọn mọ́. Aládùúgbò ní iṣẹ́ ayé ni. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ wọn ló bàjẹ́.

Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ ẹ̀jẹ̀ wa mọ́. Tí kò bá lágbára mọ́, májèlé ammonia láti inú ìfun á dé ọpọlọ. Lactulose, oògùn olómi dídùn, ló ń bá ìgbẹ́ fà á jáde. Wọ́n gbọ́dọ̀ yàgbẹ́ rírọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta lójúmọ́. Rifaximin ń dín kòkòrò ìfun tó ń ṣe májèlé náà kù.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pe ọmọ wọn lórúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní wèrè. Ẹ tètè gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sọ́sibítù.